Ọ̀kan Ṣoṣo Ọ̀gá Lọ́rùn Ọwọ́

Kàkà kí n bí ẹgbàá ọ̀bùn, màá kúkú bí ọ̀kan ṣoṣo ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni àwọn àgbà fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀pọ̀ dúrọ́ọ̀ wí nílé wa, láti Ìkògòsì dé Arámọkọ, títí kan Ẹ̀fọ̀n àti Ìjerò. Aago ọwọ́ kan wà níbẹ̀ tí a rà nítorí aṣọ ẹbí, òmíràn ni ọmọ fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, òmíràn ẹ̀wẹ̀, owó pọ́ọ́kú ló mú wa rà á. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ jáde, èyí tí a mú ti kú.

Ẹ yan ọ̀kan. Mo mọ̀ pé ohun tó wuni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n aago tí a kò wọ̀ kì í wà bí a ṣe fi í sílẹ̀. Bátìrì tó kú sínú rẹ̀ lè jò, kí ó sì jẹ ẹ̀rọ inú rẹ̀ run. Irú Seiko 5, tó ti wà láti 1963, kì í lo bátìrì. Ìjù ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ń mú un ṣiṣẹ́. Ẹ bọ́ ọ sílẹ̀, kò ní í tó ọjọ́ méjì kí ó tó dákẹ́. Bó bá wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, òróró inú rẹ̀ lè dì.

Èwo wá ni ká yàn? Ẹ má bi owó, iṣẹ́ ọwọ́ yín ni kí ẹ bi. Èkìtì la wà, a ó gún iyán. Aago tí kò lo bátìrì ní àgbá kẹ̀kẹ́ kékeré kan tó ń fì síwá sẹ́yìn, gbígbọ̀n ọmọ odó sì lè dà á láàmú. Ti oníbátìrì kì í tètè ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bó bá ṣeé ṣe, ẹ bọ́ ọ kí ẹ tó mú ọmọ odó.

Omi ló ń pa aago jù lọ. Ní Ìkògòsì, ìsun omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ti tútù ń ṣàn lọ pàdé ara wọn, àwọn èèyàn a sì wọnú èyí, wọn a bọ́ sínú ìkejì, taagotaago. Wọ́n á ní a kọ 30M, ìyẹn mítà 30, sẹ́yìn aago. Ìyẹn kò sọ pé kí ẹ bá a wẹdò. Òjò, ọwọ́ fífọ̀ àti àlùwàlá ló wà fún. Èyí tí a kọ 100M sí ló tó wọ odò, kókó tí a fi ń yí i gbọ́dọ̀ wọlé dáadáa, ẹ má sì tẹ bọ́tìnì kankan nínú omi. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dí ẹ̀yìn aago ni kì í jẹ́ kí omi wọlé. Ooru a máa sọ ọ́ di gbígbó. Bí ọ̀rinrin bá ti wọlé, ìgbà tí aago bá kan omi tútù ni ìkùukùu yóò bo abẹ́ gíláàsì. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún aago ṣe lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó tó dípẹtà. Nígbàkigbà tí ẹ bá sì ń pààrọ̀ bátìrì, ẹ ní kí ó yẹ rọ́bà náà wò.

Ní ti okùn aago, aláwọ máa ń jẹrà nínú òógùn. Okùn rọ́bà tàbí ti irin ló dára fún ojoojúmọ́. Ní tèmi, Casio F-91W, tó jáde ní 1989, tí bátìrì rẹ̀ ń tó ọdún 7, wúlò fún olùkọ́ àti àgbẹ̀ ju aago olómi góòlù tó ń ṣí lọ, bí kò tilẹ̀ ṣeé bá wẹdò. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀, ẹ ṣọ́ra.

Ẹ wọ èyí tí ẹ yàn fún oṣù kan gbáko. Bí ojú yín kò bá lọ sára àwọn yòókù, ẹ pín wọn tàbí kí ẹ tà wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tó wà nílé-ìwé tí wọn kì í ti í gba fóònù yóò dúpẹ́. Ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó fún yín lẹ́bùn kí ẹ tó gbé e fún ẹlòmíràn. Aago bàbá yín kò sí nínú ìṣirò yìí o: ẹ yọ bátìrì rẹ̀, ẹ wé e, ẹ má tà á láéláé. Owó tí ẹ bá rí lórí ìyókù, ẹ fi ra bátìrì gidi àti rọ́bà ẹ̀yìn tuntun fún èyí tó wà lọ́wọ́ yín.