Ẹni Tó Jáde Nínú Kòtò Ló Mọ Ọ̀nà Àbájáde

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìkìlọ̀ nìkan la sábà máa ń gbọ́ nínú òwe yìí, pé kí a má gba ibi tí lágbájá gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó jìn sí kòtò tó sì gòkè wá ní ẹ̀kọ́ mìíràn lọ́wọ́, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń jáde. Ẹ̀kọ́ yìí là ń fi ṣòfò ní Navy Town, Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko ní Èkó nígbà tí a bá ń yẹra fún ẹni tó ti jáwọ́ nínú igbó, kodín tàbí tramadó. Ìwádìí ọdún 2018 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́wọ́ sí fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ọmọ Nàìjíríà ló lo oògùn nílòkulò láàárín ọdún kan. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ó tó ẹnì kan nínú àgbàlagbà mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó fẹ́ ìtọ́jú ni kò rí i. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kí àdúgbò fi àwọn tó ti jáwọ́ ṣe aṣáájú ètò ìrànlọ́wọ́, kí àgbà àti dókítà sì tì wọ́n lẹ́yìn.

Ìmọ̀ràn yìí kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1935, nílùú Akron ní Amẹ́ríkà, Bill Wilson àti dókítà Bob Smith, tí ọtí ti sọ àwọn méjèèjì dẹrú, dá Alcoholics Anonymous sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí. Ní 1953, Jimmy Kinnon, tí oògùn olóró ti di bárakú fún rí, wà lára àwọn tó dá Narcotics Anonymous sílẹ̀ ní California. Ẹgbẹ́ yìí ti tàn dé orílẹ̀-èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń lo oògùn mọ irọ́ tó ń pa fún ìyá rẹ̀ àti pásítọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè pa á fún ẹni tó ti pa irú rẹ̀ rí.

Ẹlòmíràn á ní ẹni tó jalè lẹ́ẹ̀kan rí, bó da àrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Mo gbà pé ẹni tó jáwọ́ lè padà sídìí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó dá ṣe é. Charles Dederich, ọ̀mùtí tó jáwọ́, dá Synanon, ilé ìtọ́jú fún àwọn tí oògùn ti di bárakú fún, sílẹ̀ ní California ní 1958. Ayé yìn ín, àmọ́ òun nìkan ló ń pàṣẹ, kò sẹ́ni tó ń bi í ní ìbéèrè. Nígbà tó fi máa di 1978, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ejò olóró sínú àpótí lẹ́tà Paul Morantz, agbẹjọ́rò tó bá wọn ṣẹjọ́. Igi kan ò lè dá igbó ṣe: kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA) máa mójú tó owó, kí dókítà máa mójú tó ara, torí pé ẹni tí ọtí ti mọ́ lára lè kú bó bá ṣíwọ́ lójijì.

Àwọn kan á ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán ló tọ́ sí ẹni tó ń lo oògùn. Ní oṣù kọkànlá 2019, ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ nílé kan tí wọ́n pè ní ilé ìtọ́jú n'Ìbàdàn; ìyà ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Àpẹẹrẹ tó dára jù wà nílẹ̀ wa: ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé láàárín ará abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ìfẹ́ àwùjọ àti oògùn òyìnbó jọ ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin lándílọ́ọ̀dù, àlùfáà àti òbí, ẹ yọ̀ǹda yàrá kan fún ìpàdé ìrànlọ́wọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ mú ẹni tó ń ṣàìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá, tàbí kí ẹ pe NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, lórí 080010203040, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó sì ti jáwọ́ ní àdúgbò yín, ẹ fún un níṣẹ́ ṣe nínú ìpàdé náà.