Ta La Ń Pariwo Sí?

Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ta ni kò mọ ìyẹn? Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì gbọ́ òwe rí ti mọ̀ ọ́n: ebi pa á, ó ké, ọmú dé. Ohun tó ń dùn mí ni bí wọ́n ṣe sọ òwe yìí di ọ̀pá tí wọ́n fi ń dà wá bí ẹran ní ìsọ́-òru, àti bí ó ṣe na àbúrò ìyàwó mi ní ẹgba tí ojú rẹ̀ kò tíì jiná.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni, ní ìjọ wa ní Tanke, ní Ìlọrin. Ẹni tó ń darí àdúrà gba gbohùngbohùn, ó ní, "Ẹni tó bá dákẹ́?" Gbogbo wa gbè é, "Tara ẹ̀ á bá a dákẹ́!" Ó ní ohùn wa kò tíì jáde, àwọn ará àdúgbò Fate kò tíì gbọ́ wa. Ni ilé bá gbóná. Ẹnìkan ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, ẹnìkan ń pàtẹ́wọ́, ẹnìkan ń gba afẹ́fẹ́ ní ẹ̀ṣẹ́. Àbúrò ìyàwó mi, tó ń ta gààrí àti èlùbọ́ ní ọjà Mandate, wà lẹ́yìn mi. Ìjókòó mẹ́ta péré ló wà láàárín wa. Mo dá ohùn rẹ̀ mọ̀ nínú ariwo náà: "Olúwa, dá mi lóhùn! Olúwa, dá mi lóhùn!" Mo tilẹ̀ ṣe àmín sí i. Ohun tó ń tọrọ ni n kò gbọ́.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó mọ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ rí àyè sí yunifásítì. Owó tí wọ́n ń san láti fi gba àyè náà, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní acceptance, ló ku N24,000 kó pé. Aago méjìlá òru ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an ni wọ́n ti ìsanwó pa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àyè náà sì bọ́. Aago méjìlá òru! Ìgbà tí ariwo wa gbóná jù. Owó náà sì wà lápò mi. Kì í ṣe pé mo lówó o. Owó tí mo fẹ́ fi ra táyà ni, táyà kò sì ní sunkún bí n kò bá rà á títí oṣù á fi parí. Ìyàwó mi bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní wọ́n ti kìlọ̀ fún òun pé kí òun má sọ ohun rere tó ń bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, kí ayé má baà gbọ́ kí wọ́n bà á jẹ́.

Ẹ wo bí a ṣe dojú òwe délẹ̀. Nítorí èèyàn ni àwọn àgbà ṣe pa á, torí pé ojú èèyàn kì í rí inú. Aládùúgbò rẹ kò mọ̀ pé o kò dáná láti àná àfi bí o bá sọ. Dókítà kò mọ ibi tó ń ro ọ́ àfi bí o bá fi ọwọ́ kàn án. Lọ́dọ̀ irú wọn, ẹni tó dákẹ́ gbé. Ọlọ́run wá ńkọ́, ẹni tí Jésù ní ó ti mọ ohun tí a ṣe aláìní kí a tó tọrọ? Òun là ń lọgun sí bí ẹni pé etí rẹ̀ di, a wá ń ya odi níwájú àwọn tí kò lè rí inú wa. Pẹpẹ kan náà tó ń ní ká pariwo lóru ló ń ní ká pa ẹnu mọ́ lọ́sàn-án. Inú ń bí mi sí i, n kò ní purọ́.

Nehemáyà ni ǹ bá fẹ́ kí wọ́n máa wàásù fún wa lóru. Agbọ́tí ọba Páṣíà ni. Ó gbọ́ pé odi Jerúsálẹ́mù ti wó, ó jókòó, ó sunkún, ó gbààwẹ̀. Láti oṣù Kisleu títí dé oṣù Nisani, ìyẹn bí oṣù mẹ́rin, Ọlọ́run ló ń bá sọ ọ́. Ọjọ́ tí ọba wá bi í pé kí lo ń fẹ́, ó tún gbàdúrà lórí ìdúró níbẹ̀. Kò kúnlẹ̀, kò lọgun, ọba kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó gbàdúrà. Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí rèé: lẹ́yìn àdúrà bí ìmí ẹ̀ẹ̀kan yẹn, ó la ẹnu. Kò ní "Kábíyèsí, ẹ ṣáà máa rántí mi." Ó tọrọ àyè, ó dá ọjọ́ tí òun máa lò, ó béèrè ìwé sí àwọn gómìnà òkè odò, ó tún béèrè ìwé sí Ásáfù, olùṣọ́ igbó ọba, kó fún òun ní igi. Ó mọ orúkọ olùṣọ́ igbó! Lójú tèmi, ẹni tó fi oṣù mẹ́rin gbàdúrà ló tún ń wádìí nínú oṣù mẹ́rin náà, ta ni igi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mò ń pè ní ìgbẹ́kẹ̀lé nìyẹn. Kò tì í lójú láti tọrọ igi lọ́wọ́ Ásáfù, torí ó ti bá Ẹni tó ni Ásáfù sọ̀rọ̀.

Bátíméù ni wọ́n máa ń fi dá mi lóhùn: wọ́n ní kó dákẹ́, ńṣe ló túbọ̀ ń kígbe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò ríran, èrò sì dí àárín òun àti Jésù. Nígbà tí Jésù dúró tó bi í pé kí lo fẹ́, igbe tán. Gbólóhùn kan ló sọ, ó fẹ́ ríran. Bí wọ́n bá gbé gbohùngbohùn síwájú ọ̀pọ̀ nínú wa láàárín ariwo, pé kí lo ń tọrọ gan-an, a ó máa wojú ara wa.

Ẹ má sì fi Bàbá Babalọlá, wòlíì ayé ìjọ́un, dẹ́rù bà mí. Ọmọ Kwara wa níbí ni, ará Odò-Ọwà, tí wọ́n bí ní 1904. Ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀nà ló ń wà. Ní 1928, ẹ̀rọ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ó sì ní òun gbọ́ ohùn tó pe òun. Alágbára àdúrà ni, ohùn rẹ̀ kò sì kéré, n kò jiyàn. Àmọ́ òun nìkan ló gbọ́ ìpè, kò fi pamọ́ fún ayé. Ó kó o tọ àwọn ará Faith Tabernacle lọ, àárín wọn ló sì wà nígbà tí ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, ní Iléṣà, ní 1930.

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, òwe náà gan-an kò tẹ́ mi lọ́rùn mọ́. Hánà kò lọgun nígbà tó ń tọrọ ọmọ. Ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì, débi pé Élì àlùfáà rò pé ọtí ló ń pa á. Ó dákẹ́, Sámúẹ́lì ọmọ tó tọrọ kò bá a dákẹ́.

Ó sì yẹ kí èyí ti yé àwa ará Ìlọrin tipẹ́. Ṣebí ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí la ti gba ọ̀rọ̀ náà "àdúrà", láti inú èdè Lárúbáwá? "Àdúà" ni bàbá tí ilé wa dojú kọra ń pè é. Crowther àti àwọn tó bá a túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, kò wá òmíràn lọ. Wọ́n mú àdúrà, wọ́n mú àlùfáà, wọ́n mú wàásù. Bàbá yìí máa ń tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lẹ́yìn ìrun, ètè rẹ̀ á mì díẹ̀, á fi ọwọ́ ra ojú, ó parí. Ọdún mọ́kànlá la ti jọ ń gbé, n kò tíì gbọ́ ohun tó ń tọrọ rí. Àmọ́ bí kànga rẹ̀ bá gbẹ, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí á fi kan ilẹ̀kùn mi: "Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, omi."

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àdúrà, inú kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Tanke sí Post Office ti tó o. Dárúkọ ohun tí o fẹ́. Má ní "Olúwa, ṣílẹ̀kùn". Bó bá jẹ́ owó ilé ni, pè é ní owó ilé. Kí o wá dákẹ́ díẹ̀. Nínú ìdákẹ́ yẹn ni ojú ẹnìkan máa ń yọ síni lọ́kàn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í ṣe ẹni tó wù wá. Kó o tó sùn, lọ bá a. Bó bá ní òun kò ní, má bọkàn jẹ́: ọba náà lè ti lé Nehemáyà jáde. Ó le, mo mọ̀; ìtìjú ń pa wá ju ọ̀tá lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ìsọ́-òru, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún sílẹ̀ nínú wákàtí mẹ́fà, kí kálukú sọ ohun tó ń tọrọ fún ẹni tó jókòó tì í. Ìjókòó mẹ́ta péré ló wà láàárín wa.

Fọ́ọ̀mù JAMB, èyí tí ọmọ fi ń wá àyè sí yunifásítì, tún ti jáde. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, àbúrò ìyàwó mi pè mí láti ọjà. Kò kí mi pẹ́. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Owó fọ́ọ̀mù kò pé mi lọ́wọ́. Ó ku N3,000."