Ìnáwó Ọmọ Lẹ́yìn Ìkọ̀sílẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànọ́bì Muhammad.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ìkọ̀sílẹ̀ a máa tú yìgì. Kì í tú ìbí. Nínú Suratul-Baqarah, áyà 233, Ọlọ́hun fi oúnjẹ àti aṣọ abiyamọ tí ń fún ọmọ lọ́mú sí ọrùn bàbá ọmọ náà. Ibẹ̀ náà ni Ó ti kọ̀ fún wa láti fi ọmọ ni ìyá lára, tàbí láti fi í ni bàbá lára. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni àwa ọkùnrin tètè máa ń há sórí.

Bàbá kan yóò ní: “Wọn kò jẹ́ kí n rí ọmọ mi, n kò ní fowó ránṣẹ́ mọ́.” Ẹ̀tọ́ ọmọ ni owó yẹn, ọmọ kọ́ ló ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí Hind fẹjọ́ ahun ọkọ rẹ̀, Abu Sufyan, sùn, Ànọ́bì yọ̀ǹda fún un láti mú ohun tí ó tó òun àti ọmọ rẹ̀ nínú owó ọkọ náà, láìṣe àṣejù. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kóńgò gàrí kan náà, kí ó gbé e lọ: Suratut-Talaq, áyà 7, kò di ẹrù tí ó ju agbára lọ ru ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ìyá, bàbá tí kò rówó ṣì ni bàbá. Ẹ má gbé ọmọ pamọ́ fún un. Kí mọ̀lẹ́bí méjèèjì jókòó, kí wọ́n kọ iye owó àti ọjọ́ àbẹ̀wò sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí.