Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Gòkè, Ǹjẹ́ Yóò Lè Dúró? Ẹ̀kọ́ Láti Ara Luton Town

Níbikíbi tí àwọn ọ̀dọ́ wa bá ti péjọ láti ka ìwé ìròyìn tàbí láti gbọ́ rédíò, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í pẹ́ dé ẹnu wọn. Ẹnì kan a máa yin Arsenal, ẹnì kejì a máa gbè sẹ́yìn Manchester United. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí a tó gbọ́ àríyànjiyàn lórí àwọn ẹgbẹ́ tí orúkọ wọn wà ní ìsàlẹ̀ tábìlì, àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìpele kejì gòkè wá, tí wọn kò bá ẹnikẹ́ni du ife ẹ̀yẹ, tí gbogbo làálàá wọn kò ju kí wọ́n má bàa padà sí ibi tí wọ́n ti wá. Àwọn ni a fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí. A ó mú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, Luton Town, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí pé ohun tí ojú rẹ̀ rí láti oṣù Kẹjọ 2023 títí di oṣù Kàrún 2024 fi ìṣirò ọ̀ràn náà hàn gbangba.

Kí ẹni tí kò mọ òfin ìdíje náà lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀ ní kúkúrú. Ogún ẹgbẹ́ ni ó wà ní ìpele gíga jùlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí a ń pè ní Premier League. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò bá àwọn mọ́kàndínlógún yòókù pàdé lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nílé, lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn odi, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ eré 38. Ẹni tí ó bá borí gba àmì mẹ́ta. Àwọn tí ó bá ta ọ̀mì gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí a bá lù kò gba nǹkan kan. Bí àmì ẹgbẹ́ méjì bá dọ́gba, a ó yọ góòlù tí a gbá sí wọn nílé kúrò nínú èyí tí àwọn náà gbá wọlé, kí a lè mọ ẹni tí yóò wà lókè. Ní òpin sáà, àwọn mẹ́ta tí ó gbẹ́yìn a jábọ́, mẹ́ta mìíràn a sì gòkè wá rọ́pò wọn.

Àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí eré náà a máa wí pé ẹgbẹ́ tí ó bá ti kó 40 àmì jọ ti bọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin. Ní 2003 West Ham United kó 42, ó sì jábọ́ síbẹ̀. Ní 2005 West Bromwich Albion kó 34 péré, ó sì dúró. Kò sí iye kan pàtó tí ń gba ẹgbẹ́ là. Ohun tí ó ń wá ni pé kí ẹgbẹ́ mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀.

Wàyí o, ta ni Luton? Ìlú náà wà ní apá àríwá Lọ́ńdọ̀nù, kò sì jìnnà sí i. Iṣẹ́ fìlà ni a fi mọ̀ ọ́n láyé àtijọ́, orúkọ iṣẹ́ yìí ni a sì fi ń pe àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ títí di òní. Ní 1885 ni a dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ó jábọ́ kúrò ní ìpele gíga jùlọ ní 1992, ní ọdún náà gan-an tí Premier League fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí owó ńlá sì ń bọ̀ lọ́nà. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń yí wálẹ̀. Ní sáà 2008 sí 2009, a yọ 30 àmì kúrò lára rẹ̀ nítorí ọ̀ràn owó, èyí sì lé e jáde kúrò nínú líìgì pátápátá. Ọdún márùn-ún ni ó lò láàárín àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké kí ó tó padà wọlé ní 2014. Ní 27 oṣù Kàrún 2023, ní pápá Wembley, òun àti Coventry City ta ọ̀mì 1–1, ó sì borí pẹ̀lú pẹ́nárítì 6–5. Báyìí ni ó ṣe tún gòkè dé ibi tí kò dé láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Agbábọ́ọ̀lù kan, Pelly-Ruddock Mpanzu, ti wà pẹ̀lú wọn láti ìgbà tí wọ́n wà lóde líìgì, ó sì bá wọn gun àkàsọ̀ náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kò sí ẹlòmíràn tí ó ti ṣe irú rẹ̀ rí pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan náà.

Pápá wọn, Kenilworth Road, tí wọ́n ti ń lò láti 1905, kò gbà ju nǹkan bí 12,000 ènìyàn lọ, nígbà tí ti Manchester United gba èyí tí ó lé ní 74,000. Ẹnu ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí ó gba abẹ́ ilé àwọn aládùúgbò kọjá. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé ilé onílé ni òun fẹ́ wọ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe tí òfin ìpele gíga béèrè kò tilẹ̀ parí ní àkókò, tí a fi ní láti sún eré àkọ́kọ́ tí wọn ì bá gbá nílé síwájú.

Brighton fi 4–1 lù wọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́, 12 oṣù Kẹjọ 2023. Ó di 30 oṣù Kẹsàn-án, ní ilé Everton, kí wọ́n tó borí fún ìgbà àkọ́kọ́, 2–1. Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ wọn wá dà bí ti adìẹ tí ó bà lé okùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá wá sí pápá tóóró náà, ara kò sì rọ̀ wọ́n. Liverpool jìyà níbẹ̀ títí di ìṣẹ́jú 95 kí ó tó rí góòlù kan tí ó sọ ọ́ di ọ̀mì. Arsenal dé ní 5 oṣù Kejìlá. Gabriel Osho àti Elijah Adebayo, ọmọ Nàìjíríà méjì tí a bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbá bọ́ọ̀lù sílé wọn, Ross Barkley sì fi ẹ̀kẹta kún un, títí tí Declan Rice fi gbá ẹ̀kẹrin ti Arsenal wọlé ní ìṣẹ́jú 97. Ní 16 oṣù náà, ọkàn balógun wọn, Tom Lockyer, dáwọ́ dúró lórí pápá ní Bournemouth. Àwọn oníṣègùn sá eré tete, wọ́n sì jí i padà, a sì dá eré náà dúró. Kò tún gbá bọ́ọ̀lù fún wọn mọ́ ní sáà yẹn. Síbẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n lu Newcastle United 1–0. Ní 30 oṣù Kìíní 2024, wọ́n lu Brighton tí ó ti kọ́kọ́ lù wọ́n 4–0. Adebayo nìkan gbá mẹ́ta níbẹ̀, ìṣẹ́jú kan kò sì tíì pé tí ó fi gbá èkíní wọlé.

Níbi yìí ni kí ònkàwé mú gègé àti tákàdá. Lẹ́yìn eré 22, àmì 20 ni ó wà lọ́wọ́ Luton. Bí ó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí dé òpin, ì bá kó tó 34. Nottingham Forest, tí ó ṣe ipò kẹtàdínlógún, tí ó sì dúró, kó 32. Luton ì bá ti bọ́. Ṣùgbọ́n nínú eré 16 tí ó kù, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó borí, ó sì ta ọ̀mì mẹ́ta. Àmì mẹ́fà péré nìyẹn. Ó parí sí 26 ní ipò kejìdínlógún.

Àwọn olólùfẹ́ wọn a máa wí pé orí ni kò bá wọn ṣe é, pé ìṣẹ́jú ìkẹyìn ni ó pa wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a wò ó. Liverpool gba àmì méjì lọ́wọ́ wọn bẹ́ẹ̀, Arsenal gba ọ̀kan. Ní 13 oṣù Kẹta, nígbà tí a tún eré Bournemouth gbá, Luton ti fi 3–0 síwájú nígbà ìsinmi, a sì tún lù wọ́n 4–3, mẹ́ta nìyẹn. Aston Villa àti Tottenham náà gbá góòlù ìṣẹ́gun sí wọn nílé nígbà tí eré ń parí lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka gbèsè gbọ́dọ̀ ka èrè pẹ̀lú. Luton fúnra rẹ̀ gba ọ̀mì ní ìṣẹ́jú ìkẹyìn lọ́wọ́ Burnley, ó gbà á lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ Forest, bẹ́ẹ̀ ni ó sì fi góòlù ìṣẹ́jú 90 lu Bournemouth ní oṣù Kẹrin. Márùn-ún nìyẹn. Bí a bá dá gbogbo rẹ̀ padà fún olúwa wọn, 29 ni Luton ì bá ní, kò sì tó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́ ní tòótọ́, lójú tiwa, kì í ṣe ilé àwọn ẹgbẹ́ ńlá. Burnley àti Sheffield United ni ẹgbẹ́ méjì tí ó jábọ́ pẹ̀lú Luton, wọ́n sì burú jù ú lọ: 24 ni ti èkíní, 16 ni ti èkejì. Àwọn méjèèjì yìí ni ó wá sí Kenilworth Road, tí Burnley borí 2–1, tí Sheffield United sì borí 3–1. Àmì mẹ́fà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Ẹ tún wo góòlù. Luton gbá 52 wọlé, Forest gbá 49. Nítorí náà, kì í ṣe àìmọ̀-ọ́n-gbá-wọlé ni ó pa á. Ṣùgbọ́n 85 ni a gbá sílé Luton, 67 ni a gbá sílé Forest. Ẹ̀yìn ilé ni ó ń jò.

Kí ni ó fà á tí ẹ̀yìn fi ń jò? Lockyer kò sí mọ́. Osho náà fara pa bí sáà ti ń lọ sópin, àwọn mìíràn nínú àwọn tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn sì fara pa pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ ńlá tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yóò pe ẹlòmíràn tí ó mọ iṣẹ́ dáadáa láti orí ìjókòó. Luton kò ní irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò ra wọn. Ẹgbẹ́ tí ó bá gòkè a máa gba owó tẹlifíṣọ̀n tí ó lé ní mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn ní sáà kan, bí ó tilẹ̀ ṣe ipò ìkẹyìn. Àwọn alákòóso Luton, tí wọ́n rántí bí gbèsè ti ba ẹgbẹ́ náà jẹ́ tẹ́lẹ̀, kò ná an tán lórí agbábọ́ọ̀lù. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, wọ́n ń ro ọ̀rọ̀ pápá tuntun.

Forest, ní tirẹ̀, gba ọ̀nà òdì kejì. Nígbà tí ó gòkè ní 2022, ó ra agbábọ́ọ̀lù tí ó ju ogún lọ láàárín sáà kan, ó sì dúró pẹ̀lú 38 àmì. Ó pàdánù owó kọjá ibi tí òfin là sílẹ̀, tí a fi yọ àmì mẹ́rin kúrò lára rẹ̀ ní oṣù Kẹta 2024. Pẹ̀lú ìjìyà náà, ó ṣì ju Luton lọ pẹ̀lú mẹ́fà. Ní 2025 ó ṣe ipò keje. A kò lè yin ẹni tí ó rú òfin, ṣùgbọ́n bí a bá fi apá yìí pamọ́, ẹ̀kọ́ wa kò pé: ìnáwó náà ni ó mú un dúró.

Nígbà kan rí, ọ̀ràn kò rí báyìí. Ipswich Town, tí Alf Ramsey ń kọ́, gòkè ní 1961, ó sì gba ife ẹ̀yẹ ní 1962. Forest kan náà, lábẹ́ Brian Clough, gòkè ní 1977, ó gba a ní 1978. Láti 1992 tí Premier League ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ kan tí ó gba ife náà ní sáà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè. Ní 1998, àwọn mẹ́ta tí ó gòkè ni ó jábọ́. Ní 2024, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ní 2025, ó tún rí bẹ́ẹ̀, Leicester City pẹ̀lú 25, Ipswich pẹ̀lú 22, Southampton pẹ̀lú 12. Ìyẹn ni pé 26 tí kò gba Luton là ní 2024 ì bá ju ti gbogbo àwọn tí ó jábọ́ lọ ní ọdún kejì! Owó tẹlifíṣọ̀n tí àwọn tí ó ti pẹ́ lókè ń kó jọ lọ́dọọdún ni ó gbẹ́ ọ̀gbun yìí. Kì í ṣe pé kò ṣeé fò. Brentford, tí kò dé ìpele náà láti 1947, gòkè ní 2021, ó sì ṣe ipò kẹtàlá pẹ̀lú 46 àmì. Ọ̀nà tirẹ̀ ni láti fi ìṣirò wá àwọn agbábọ́ọ̀lù tí àwọn ẹlòmíràn fojú fò, kí ó tilẹ̀ tó gòkè rárá.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan gòkè, ẹ má ṣe fi eré tí ó gbá pẹ̀lú Arsenal wọ̀n ọ́n. Ẹ wo ohun tí ó ṣe nílé nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá. Ẹ ka góòlù tí a gbá sílé rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ẹni tí yóò wọlé bí ẹni méjì nínú àwọn tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn bá fara pa ní oṣù Kejì. Àwọn èsì yìí a máa hàn kí sáà tó dé ìdajì.

Ní ti Luton, owó ìrànwọ́ tí a ń fún ẹgbẹ́ tí ó jábọ́ kò gbà á. Olùkọ́ wọn, Rob Edwards, fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 2025, nígbà tí ó sì di oṣù Kàrún, ẹgbẹ́ náà tún jábọ́ láti ìpele kejì sí ìkẹta. Ní oṣù Kejìlá 2024, nígbà tí ó ti ń yí lọ sísàlẹ̀, ni ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí àwòrán pápá tuntun náà, tí yóò gba 25,000 ènìyàn.