Ìrora Ọ̀fun Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Bélúbélú

Ìbéèrè: Ìyá kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin kọ̀wé pé ọjọ́ mẹ́rin rèé tí wọ́n ti gé bélúbélú ọmọ òun, ọmọ ọdún 8. Ara ọmọ náà kọ́kọ́ ń balẹ̀, ṣùgbọ́n ẹkún rẹ̀ ti tún le sí i, etí ń dùn ún, nǹkan funfun sì bo ojú egbò. Aládùúgbò kan gbé oògùn ikọ́ oníkodéìnì wá, ìyá sì ń bèèrè bóyá kí ọmọ lò ó.

Ìdáhùn: Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ni ìrora yìí sábà máa ń le jù, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó lọ tán. Èépá egbò ni nǹkan funfun náà, itọ́ tí kò jẹ́ kó gbẹ ló mú un funfun. Iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ọ̀fun lọ sí ọpọlọ ló ń gbé ti inú etí pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí ọgbẹ́ ọ̀fun fi ń dun ọmọ létí.

Kí ìyá má ṣe dúró de ẹkún kó tó lo parasitamọ́ọ̀lù, nítorí pé ọmọ tí ìrora bá ká mọ́ kò ní gbé omi mì, ọ̀fun tó bá sì gbẹ yóò tún dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀n rẹ̀ ni mìlígíráàmù 15 fún kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan, ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, láìju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lójúmọ́. Ọmọ tó wọn kìlógíráàmù 20 yóò gba mìlígíráàmù 300 lẹ́ẹ̀kan. Dókítà lè fi ibuprofen kún un, ṣùgbọ́n aspirin lè fa ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kọ tútù àti ìrẹsì rírọ̀ dára. Ata àti omi ọsàn máa ń ta egbò.

Kodéìnì kò yẹ ọmọ yìí rárá, nítorí pé ẹ̀dọ̀ àwọn ọmọ kan máa ń yára sọ ọ́ di mọfíìnì, tó lè dá èémí dúró lójú oorun. Ikú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló mú kí FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, ṣe ìkìlọ̀ tó le jù lọ lórí rẹ̀ ní 2013. Nàìjíríà náà sì fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ oníkodéìnì àti kíkó o wọlé ní 2018.

Láàárín ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹwàá, tí èépá ń ṣí, ẹ̀jẹ̀ lè yọ. Bí ọmọ bá tu ẹ̀jẹ̀ pupa, bó ti wù kó kéré mọ, tàbí tó ń gbé nǹkan mì léraléra lójú oorun, tàbí tí kò tọ̀ látàárọ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ṣiṣẹ́ abẹ náà, tàbí Ilé Ìwòsàn Ìjọba Alímọ́ṣọ́ ní Ìgàndó, láìdúró kí ilẹ̀ mọ́.