Ẹ̀kọ́ fún Àgbẹ̀ Ọlọ́kọ̀: Ṣé Ó Yẹ Kí A Gbé Iwájú Píkọ̀ọ̀pù Sókè?



Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó ń gbé ní Ogida, ní ìlú Bìní, tí oko wọn wà ní ọ̀nà Siluko, ni ó ń fi píkọ̀ọ̀pù kó ẹ̀gẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti iṣu lọ sí ọjà. Bí ọkọ̀ náà bá ṣófo, iwájú rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ. Nítorí èyí, àwọn kan a máa gba ọlọ́kọ̀ níyànjú pé kí ó gbé iwájú sókè kí ọkọ̀ lè dọ́gba. Ṣé ó yẹ bẹ́ẹ̀? Owó irè oko ni a fẹ́ ná sí i, ẹ̀mí àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ sì ju owó lọ. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

1. Ìdí tí iwájú fi rẹlẹ̀

Àwọn tí ó ṣe píkọ̀ọ̀pù mọ̀ pé ẹ̀yìn ni a ó kó ẹrù sí. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù, irin pẹlẹbẹ tí a tò léra ni sípíríǹgì ẹ̀yìn. Ó le, wọ́n sì gbé e ga díẹ̀. Bí ẹrù bá wọ̀ ọ́, ẹ̀yìn á wálẹ̀, ọkọ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nítorí náà, kí iwájú rẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣófo kì í ṣe àìsàn.

2. Ohun tí gbígbé iwájú sókè ń fà

Bí a bá mú iwájú bá ẹ̀yìn dọ́gba lófo, ọjọ́ tí ẹrù bá wọ̀ ọ́ ni imú ọkọ̀ á yọ sókè. Iná iwájú á máa tàn sí ojú ẹni tí ó ń bọ̀ lọ́nà. Oríkèé ẹsẹ̀ iwájú á tẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, á sì tètè jẹ. Bí a kò bá tún táyà tò, ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò máa jẹ.

Nínú àwọn Toyota àti Nissan àtijọ́ kan, irin gígùn tí ó ń lọ́ ni ó gbé iwájú ró, mẹkáníìkì sì lè fi sípánà dè é kí ó ga. Èyí kò fi agbára kún irin náà. Ó kàn ń dín àyè tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní láti sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò kù ni. Nínú irú Peugeot 504, tí ilé iṣẹ́ Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní 1975, sípíríǹgì tí a ká róbótó ni ó wà níwájú. Bí a bá ki rọ́bà bọ àárín rẹ̀, ibi tí rọ́bà kò sí nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́ gbogbo.

3. Ibi tí a gbé ẹrù sí

Ọkọ̀ dà bí jangirọ́fà tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Táyà ẹ̀yìn ni ó dúró bí òkúta àárín. Ká ní mítà 3 ni láti táyà iwájú dé ti ẹ̀yìn. Bí a bá gbé ẹrù kìlógíráàmù 200 sí ibi tí ó fi mítà 0.6 kọjá táyà ẹ̀yìn, yóò gba kìlógíráàmù 40 kúrò lórí táyà iwájú, táyà ẹ̀yìn á sì ru 240. Táyà iwájú sì ni ó ń darí ọkọ̀, òun náà ni bíréèkì gbára lé jù. Bí ó bá fúyẹ́ lórí ọ̀nà tí òjò ti rọ̀ sí, ọkọ̀ kò ní gbọ́ràn. Ẹ kó ẹrù wíwúwo sún mọ́ ẹ̀yìn awakọ̀, kí ẹ fi èyí tí ó fúyẹ́ sí ìdí.

4. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó náwó

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí afẹ́fẹ́ táyà pé. Ẹ wọ̀n láti àárín gbùngbùn ẹsẹ̀ ọkọ̀ dé etí irin tí ó bò ó, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ ṣe é lófo, kí ẹ tún un ṣe pẹ̀lú ẹrù ọjà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ẹrù, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá rì, ẹ dín ẹrù kù tàbí kí ẹ yẹ sípíríǹgì ẹ̀yìn wò. Bí apá kan iwájú bá rẹlẹ̀ ju èkejì lọ, ó ṣeé ṣe kí sípíríǹgì ibẹ̀ ti rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ apá méjèèjì pọ̀, kí ọkọ̀ padà sí gíga tí wọ́n ṣe é mọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ìkìlọ̀ kan: lára ọ̀pọ̀ Hilux, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ó ń fi gíga ẹ̀yìn wọn bíréèkì ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fi irin kún sípíríǹgì tí ẹ̀yìn ga sí i, ẹ̀rọ yìí á ṣe bí ẹni pé ọkọ̀ ṣófo, á sì dín bíréèkì kù. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tún un tò.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

(a) Kí ni ó ń mú kí iwájú píkọ̀ọ̀pù rẹlẹ̀ lófo?
(b) Níbo ni ó yẹ kí àpò ẹ̀gẹ́ wà nínú ọkọ̀?
(d) Igun mélòó ni a ó wọ̀n, ẹ̀ẹ̀melòó sì ni?