Ẹ Wo Odò Kí Ẹ Tó Wo Òkè

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo gbọ́ pé ẹ gun òkè Fuji, ẹ sì sọ̀ láyọ̀. Ẹ kú ìgboyà. Ṣùgbọ́n lórí Fuji, èrò ló ń fi ọ̀nà han ènìyàn, bí ebi bá sì dé, a ó rí ẹni tó ń ta oúnjẹ gbígbóná. Poroshiri tí ẹ ń múra sí báyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Erékùṣù Hokkaido ló wà, lápá àríwá Japan; òun ló ga jù nínú àwọn òkè Hidaka, ó sì fi díẹ̀ lé ní 2,050 mítà. Àwọn Ainu, tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ láti ayébáyé, ló sọ ọ́ lórúkọ: poro ni ńlá, shiri ni òkè. Kò sẹ́ni tó tún un ṣe dè yín.

Odò ni kí ẹ kọ́kọ́ fọkàn sí. Bí ẹ bá gba ìhà odò Nukabira, ẹ ó la omi kọjá tó nǹkan bí ogún ìgbà kí ẹ tó dé ahéré tí ẹ ó sùn, kò sì sí afárá. Ẹ wọ bàtà odò tí kì í yọ̀ lórí òkúta. Kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ omi, ẹ tú bẹ́líìtì ìbàdí àpò ẹ̀yìn yín, kí ẹ lè tètè bọ́ ọ bí omi bá gbé yín ṣubú. Ibi tí odò ti fẹ̀ ni kí ẹ wá, torí ibi tó fẹ̀ kì í sábà jìn. Ẹ kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, ẹ fi ọ̀pá gbé ara ró, kí ẹsẹ̀ kan fìdí múlẹ̀ kí ẹ tó gbé ìkejì. Bí omi bá ti kọjá orúnkún, tó sì ń fà yín, ẹ padà.

Omi tí ẹ là kọjá nígbà àlọ lè má jẹ́ èyí tí ẹ ó bá nígbà àbọ̀. Mo ti jìyà ọ̀rọ̀ yìí rí. Òjò rọ̀ mọ́jú nígbà tí mo wà nínú ahéré. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, odò ti dọ̀tí, ó ń gbé igi lọ, síbẹ̀ mo ní iṣẹ́ ń dúró dè mí, mo bá bọ́ sínú rẹ̀. Omi já ọ̀pá gbà lọ́wọ́ mi, ó mù mí dé ìbàdí. Ẹnìkejì mi ló di àpò mi mú tó fà mí padà sí bèbè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé oúnjẹ ọjọ́ kan lé iye tí mo nílò. Ó wúwo lẹ́yìn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ kí ènìyàn lè jókòó títí omi yóò fi fà. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ìgbà ooru. Ní oṣù Keje ọdún 2009, lórí òkè Tomuraushi, ní Hokkaido kan náà, òjò, atẹ́gùn àti òtútù pa ènìyàn mẹ́jọ nínú ẹgbẹ́ kan. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ kan sínú ọ̀rá, kí ẹ má fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi dé ibi tí ẹ ó sùn.

Ti béárì ńkọ́? Ẹ so agogo mọ́ àpò, ẹ máa sọ̀rọ̀ sókè bí ẹ bá wà láàárín igbó oparun kéékèèké, torí béárì kò fẹ́ kí a já lù ú lójijì. Ohun tó bá gbà lọ́wọ́ yín, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ní ọdún 1970, lórí òkè mìíràn nínú Hidaka yìí kan náà, béárì kan fọwọ́ kan ẹrù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Wọ́n gba ẹrù náà padà. Béárì náà tún tọ̀ wọ́n wá, mẹ́ta nínú wọn kò délé mọ́.

Ẹ se omi kí ẹ tó mu ún, bó ti wù kó mọ́ tó. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ibẹ̀ ń gbé aràn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ẹyin aràn náà sì lè wà nínú omi.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà àti ọjọ́ àbọ̀ yín sínú ìwé. Ẹ fún ọlọ́pàá ní ẹ̀dà kan, ẹ fún ará ilé ní ìkejì. Bí ẹ bá ti la omi tó kẹ́yìn kọjá, tí fóònù sì ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹ tó jẹun, kí ẹ tó pààrọ̀ aṣọ, ẹ pe ará ilé náà.